Fáànù inú síkóòpù àti páwà sọ́púláì ń pariwo jù: báwo la ṣe lè pa á lẹ́nu mọ́ láìpa ẹ̀rọ?

Oníwáyà_Làgèrè
Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Làgèrè ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, yàrá kan ṣoṣo ni. Ámípù ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí ni mo ń tún ṣe jù, pẹ̀lú míksà àti rédíò. Ẹ̀rọ méjì ni mo fi ń yẹ iṣẹ́ wò lórí tábìlì: síkóòpù (oscilloscope, tó ń fi bí iná ṣe ń yí padà hàn lójú rẹ̀) tòkunbọ̀ kan tí mo rà ní Àlàbá, àti páwà sọ́púláì 30V, 5A tí mo fi ń fún ohun tí mò ń tún ṣe níná.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Fáànù àwọn méjèèjì ń pariwo débi pé etí mi kì í gbọ́ ohun tí mo ń tún ṣe mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan gbé príámpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máìkì sókè kó tó dé ámípù) ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá láti Parakin, ó ní ó ń ṣe "ṣíììì" lábẹ́ ohùn oníwàásù. Mo tú u, mo ṣe é, mo fi etí sí i, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé e padà. Wọ́n ní nígbà tí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, "ṣíììì" náà wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Fáànù mi ló bò ó mọ́lẹ̀. Bàbá náà ò bínú, wọ́n kàn gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ìyẹn gan-an ló wọ̀ mí lára.

Fáànù síkóòpù jẹ́ 80 mm, wọ́n kọ 12V, 0.18A sí i lára, wáyà mẹ́ta ló ní: pupa, dúdú, yẹ́lò. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ní kí n ki rẹ̀sísítọ̀ kan bọ wáyà pupa, pé yóò dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Tí oòrùn ọ̀sán bá mú, mítà mi máa ń ka 33°C nínú yàrá yìí, owó síkóòpù yìí kì í sì í ṣe owó tí mo lè rí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Kàpásítọ̀_63
Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò le. Rẹ̀sísítọ̀ 47 ohm, wáàtì 1. Ẹ gé wáyà pupa, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o sí àárín, ẹ fi rọ́bà bò ó, ó parí. Èmi ṣe tèmi ní Mọdákẹ́kẹ́ níbí, ó ti lé lọ́dún méjì, síkóòpù mi ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìyá_Rédíò_Iléṣà
Ajé, 10:25 alẹ́

Oníwáyà, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Oníbàárà tí kò pariwo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gbé ọkàn ẹni jù, mo mọ̀ ọ́n.

Má tíì jó nǹkan kan. Kí o tó dín eré fáànù kù, kọ́kọ́ mọ ibi tí ariwo ti ń wá, nítorí ariwo fáànù kì í ṣe ẹyọ kan. Bẹ́rìn (ibi tí ọ̀pá àárín fáànù ti ń yí) tó ti gbẹ máa ń ṣe girigiri, ó máa ń le jù nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ, á wá rọ̀ díẹ̀ tí ara rẹ̀ bá gbóná. Afẹ́fẹ́ tó ń fi ipá gba àárín irin ẹ̀yìn ẹ̀rọ kọjá máa ń súfèé, ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè. Tó bá jẹ́ pé ara ẹ̀rọ ló ń gbọ̀n, tí tábìlì ń bá a gbọ̀n, wàá gbọ́ ìkùn ìsàlẹ̀, "hùùùn", tí o bá gbé ọwọ́ lé tábìlì wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Tábìlì pákó ti di ìlù nìyẹn. Mẹ́ta yìí, oògùn wọn ò jọra. Rẹ̀sísítọ̀ lè dín gbogbo wọn kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé bẹ́rìn tó gbẹ ni ìṣòro rẹ, o máa dín in kù títí fáànù á fi kọ̀ láti yí.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe lọ́la nìyí. Ká aṣọ inúra ní ìlọ́po mẹ́rin, gbé síkóòpù lé e, má jẹ́ kí aṣọ dí ihò abẹ́ rẹ̀, kí o tẹ́tí. Tí ìkùn bá lọ, ìgbọ̀nrìrì ni. Tẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Tí ohùn bá yí padà, síkúrù kan ti tú tàbí irin kan ti ṣí. Lẹ́yìn náà, pa á, yọ ọ́ kúrò lára iná, tú u. Kí o ní sùúrù o: kàpásítọ̀ ńlá inú páwà rẹ̀ lè di 320V mú lẹ́yìn tí o ti yọ pílọ́ọ̀gì. Fi mítà wọ̀n ọ́n títí yóò fi wálẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tó wọ ibẹ̀. Kí o wá fi ìka ta ewé fáànù. Tí ara rẹ̀ bá dá, á yí lọ wọ̀ọ̀, á máa rọra dúró. Tí kò bá dá, wàá mọ̀ lọ́gán.

Oníwáyà_Làgèrè
Ìṣẹ́gun, 11:02 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀ kí oníbàárà tó dé.

Lórí aṣọ inúra, ìkùn ìsàlẹ̀ lọ bí ẹni gbé ọmọrí bo ìkòkò. Ìfé òkè ṣì wà. Mo yọ pílọ́ọ̀gì, mo dúró títí mítà fi sọ̀ sí 4V, mo wá fi ìka ta ewé fáànù: kò yí tó ìlàjì tó fi dúró gbagidi. Eruku pupa tó wà láàárín irin ẹ̀yìn nípọn bíi páálí. Mo tún bá ẹyin ọmọńlé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítísíǹkì (irin tó ń fa ooru kúrò lára ẹ̀rọ), ọ̀kan ti pa.

Nípa irin ẹ̀yìn yẹn: kì í ṣe wáyà róbótó bíi ti kọ̀ǹpútà. Wọ́n lu ihò pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sí ara páńnù ẹ̀rọ ni, ewé fáànù sì súnmọ́ ọn débi pé ìka mi ò lè wọ àárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù
Ìṣẹ́gun, 1:37 ọ̀sán

Mo ń tọ́jú ẹ̀rọ láàbù ní Ifásitì níbí, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ìyá Rédíò ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà díẹ̀ sí i, torí nọ́ńbà ló máa sọ fún wa bóyá ẹ̀rù tó ń ba Oníwáyà yẹ tàbí kò yẹ.

Bí ẹ bá dín eré fáànù kù sí ìdajì, afẹ́fẹ́ tó ń gbé jáde á di ìdajì, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ á wálẹ̀ ní nǹkan bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 15. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 10 péré ni etí èèyàn fi ń gbà pé ariwo ti di ìdajì. Nítorí náà, ẹ ò nílò láti dín in kù tó bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gbé fáànù 12V sórí 9V, eré rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ariwo á sọ̀ ní bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6.

Ó ku ooru. Lítà afẹ́fẹ́ kan máa ń gba joule 1.2 kó tó gbóná ní dígíríì kan. Ẹ jẹ́ ká ní síkóòpù náà ń jẹ wáàtì 50, tí fáànù rẹ̀ sì ń gbé lítà 7 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ̀lú gbogbo ìdènà inú ẹ̀rọ. 7 lọ́nà 1.2 jẹ́ 8.4, ẹ fi pín 50, ó jẹ́ nǹkan bíi 6°C. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn á fi 6°C gbóná ju èyí tó wọlé lọ. Lórí 9V, ó máa di 8°C. Tí ẹ bá já a sí ìdajì, ó di 12°C. Ẹ rí i pé láti 12V sí 9V, dígíríì 2 péré lẹ fi kún un. Láti 9V wálẹ̀ ni ooru tó ń kún un ń tóbi.

Yàrá tó tutù ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń dán wọn wò sí, ìwé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ 23°C. Tiwa ti di 33°C kí a tó tan iná. Kàpásítọ̀ elékíróláìtì, ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ń lọ fún ìgbóná 10°C kọ̀ọ̀kan. Oníwáyà, ìbẹ̀rù rẹ yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe kó dá ọ dúró. Ohun tó yẹ kó jẹ́ kí o ṣe ni pé kí o wọn ooru kí o tó fọwọ́ kan nǹkan, kí o tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ní ibì kan náà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 tí ẹ̀rọ ti wà lórí iná, pẹ̀lú ìdérí tí a ti dé padà. Tí ìdérí bá ṣí, afẹ́fẹ́ ò ní gba ibi tó yẹ kó gbà, ohun tí o bá wọ̀n ò ní wúlò.

Kàpásítọ̀_63
Ìṣẹ́gun, 2:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n 47 ohm tèmi ti pé ọdún méjì. Ṣé ẹni tó ń jẹun tí kò ṣàìsàn, a tún máa ní oúnjẹ rẹ̀ ò dára?

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù
Ìṣẹ́gun, 2:31 ọ̀sán

Àbúrò mi, kì í ṣe pé mo ní o ṣe burúkú. Wò ó: fáànù 12V tó ń jẹ 0.18A dà bí ẹrù 67 ohm. Tí o bá fi 47 ohm ṣíwájú rẹ̀, nǹkan bíi 7V ló máa kù fún un. Ọ̀pọ̀ fáànù 12V nílò 5V sí 7V kó tó lè bẹ̀rẹ̀ sí yí láti ìdúró. Ẹnu ààlà lo dúró sí. Ìgbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ló máa ń fa iná jù, ìgbà náà sì ni rẹ̀sísítọ̀ á gba fóltéèjì tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́rìn á gbẹ díẹ̀ sí i, lọ́jọ́ kan o máa tan síkóòpù, fáànù ò ní yí, o ò sì ní mọ̀, torí o ti mọ́ ọn lára pé ó dákẹ́.

Lo dáyóòdù dípò rẹ̀. 1N4007, èyí tó wà nínú àpótí gbogbo wa. Ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ nǹkan bíi 0.7V, ì báà jẹ́ iná díẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá tàbí púpọ̀. Mẹ́rin ní ìlà kan, 12V á di bíi 9V, nígbà tí fáànù bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, 9V náà ló máa bá níbẹ̀. Ìlà funfun ara dáyóòdù kọjú sí fáànù.

Ọmọ_Ọ̀bokún
Ìṣẹ́gun, 8:50 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti Ìyá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọmọ Iléṣà. Mo ní ìbéèrè méjì. Kí ni iṣẹ́ wáyà yẹ́lò? Ṣé a ò sì lè fi LM317 (áíṣì tó ń dín fóltéèjì kù) àti thermistor (rẹ̀sísítọ̀ tó ń yí padà pẹ̀lú ooru) ṣe é, kí fáànù máa sáré nígbà tí ẹ̀rọ bá gbóná nìkan?

Ìyá_Rédíò_Iléṣà
Ìṣẹ́gun, 9:33 alẹ́

Ọmọ Iléṣà tèmi, o káre.

Wáyà yẹ́lò ni fáànù fi ń sọ eré rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Ní ìyípo kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń tọ́ka. Tíránsítọ̀ tí kólẹ́kítọ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ló wà nídìí rẹ̀, nítorí náà so rẹ̀sísítọ̀ 10k láti ara rẹ̀ sí 5V kí o tó lè rí nǹkan. Oníwáyà lè fi síkóòpù fúnra rẹ̀ wo fáànù síkóòpù: tó bá ka 80 Hz, pín in sí méjì, sọ ọ́ di ìṣẹ́jú, ìyípo 2400 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń ṣọ́ wáyà yìí. Tí eré bá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ lọ, á kọ ọ̀rọ̀ sójú, á pa ara rẹ̀. Ẹ má gé e dànù láìmọ̀dí.

Ti LM317, mo ti ṣe é rí. Ó dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n 2V ló máa kọ́kọ́ jẹ kó tó fún ọ ní nǹkan kan, wàá máa bẹ̀rẹ̀ láti 10V. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni pé, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń so ó, tí ẹsẹ̀ thermistor kan bá já, gbogbo ohun tó máa jáde ò ju 1.25V lọ, fáànù á dúró pátápátá. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé tó bá bàjẹ́ yóò pa ẹ̀rọ oníbàárà, mi ò kì í gbà á. Dáyóòdù tó bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì máa ń lẹ̀ mọ́ra. Fáànù á kàn tún padà máa pariwo ni, ìwọ á sì gbọ́.

Má sì tan fáànù oníwáyà mẹ́ta kí o máa pa á kíákíá láti dín eré rẹ̀ kù o. Á máa ta tí-tí-tí, wàá tún rí ìdọ̀tí náà lójú síkóòpù. Èyí tó ní wáyà kẹrin, aláwọ̀ búlúù, lórí 25 kHz, òun ni wọ́n ṣe fún ìyẹn.

Bàbá_Mítà
Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gba tèmi mọ́ ọn. Sígínà jẹnẹrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pèsè sígínà tí a fi ń dán rédíò wò) àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ mi ní Ìsòkun, Iléṣà, ti Amẹ́ríkà ni. Fáànù rẹ̀ kì í ṣe 12V, 115V AC ni, ara tiransifọ́mà inú rẹ̀ ló ti ń gba iná. Tí iná ìjọba bá wà, ó jẹ́ẹ́. Tí mo bá ti gbé e sórí ínfátà, á máa bú, "bùùùùù", gbogbo ilé á gbọ́. Mo ti fi epo sí i, kò yí padà.

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù
Ọjọ́rú, 10:48 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ sà. Fáànù yín ò ní àrùn. Ínfátà yín kì í ṣe èyí tí iná rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́ bí omi. Èyí tó ń gbé iná sókè gbà, tó ń jù ú sílẹ̀ gbà ni. Mọ́tò AC àti irin tiransifọ́mà máa ń bú lórí irú iná bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń gbóná jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó pẹ́ lórí rẹ̀ sà. Ínfátà tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí lára ni ẹ̀rọ yín ń fẹ́.

Eré irú fáànù yẹn, ara 50 Hz iná wa ló dúró lé, kì í ṣe ara fóltéèjì nìkan. Dáyóòdù àti rẹ̀sísítọ̀ tí à ń sọ lókè, ẹ má gbé e débẹ̀ sà.

Oníwáyà_Làgèrè
Àìkú, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìsinmi o. Mo ti ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe lọ, títí kan èyí tí mo ṣì ṣe.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, mo fi wáyà ooru mítà mi mọ́ ara hítísíǹkì tó tóbi jù, mo dé ìdérí, mo tan án fún ìṣẹ́jú 40. Yàrá 31°C, hítísíǹkì 48°C. Mo gbé fóònù sí ibi tí orí mi máa ń wà tí mo bá jókòó, áápù ariwo inú rẹ̀ ka 51. Mo mọ̀ pé fóònù ò lè sọ òtítọ́ iye náà, ìyàtọ̀ ni mo ń wá.

Mo ká sítíkà ẹ̀yìn fáànù àtijọ́. Kò sí ọta irin róbótó níbẹ̀, ihò lásán tí wọ́n fi epo sí ni, epo náà sì ti di dúdú, ó gan bíi oje igi. Mo fi bọ́ọ̀ṣì eyín àti spírìtì nù ún, mo kán epo máṣíìnì ìránṣọ méjì sí i, mo dúró, mo fi ìka ta á. Ó yí wọ̀ọ̀! Mo dá a padà, mo tan án. Girigiri ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bẹ́rìn tó ti gbẹ báyìí lẹ́ẹ̀kan á tún gbẹ, pàápàá nínú ooru wa, ni mo bá ra tuntun, oní-ọta, 80 mm, nínípọn 25 mm, 12V, 0.16A. Mo ká sítíkà ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á kí n tó sanwó. Mo rí òrùka bẹ́rìn, mo san.

Ibi tí mo ti ṣì í nìyí. Mo wo ojú fáànù, mo rò pé ojú tó dára ló yẹ kó kọjú síta, mo dì í bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, hítísíǹkì ka 61°C! Ọkàn mi já. Mo pa á kíá. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́ wọlé dípò kó fà á jáde, ooru páwà sì ń fẹ́ lu bọ́ọ̀dù níwájú. Ọfà méjì wà létí fáànù, ọ̀kan ń tọ́ka ibi tí ewé ń yí sí, èkejì ń tọ́ka ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Mi ò wò ó. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ wo ọfà lára àtijọ́ kẹ́ ẹ tó tú u.

Mo yí i padà. Mo lọ bá ẹni tó ń lẹ táyà ní Mayfair, mo gba túbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó, mo gé e ní òrùka, mo ká a ní ìlọ́po méjì sáàárín fáànù àti páńnù, mo tún fi kékeré sábẹ́ orí síkúrù kọ̀ọ̀kan kí irin má bàa kan irin. Rọ́bà yẹn ti ewé kúrò lára irin ẹ̀yìn díẹ̀. Mo wá tẹ́tí: ìfé òkè ti dín kù gan-an, mi ò tíì jó dáyóòdù kankan. Òwúrọ̀ àná ni mo tó fi ayùn gé irin pẹlẹbẹ yẹn kúrò, mo yọ bọ́ọ̀dù kí n tó gé e kí irin wẹ́wẹ́ má bàa já sí i, mo fi gíríìlì wáyà róbótó láti ara páwà kọ̀ǹpútà tó ti kú rọ́pò rẹ̀. Ìfé náà kú pátápátá.

Ìgbẹ̀yìn ni mo jó dáyóòdù mẹ́rin. Mítà ka 9.1V lójú fáànù. Hítísíǹkì 51°C nínú yàrá 31°C, ìyẹn dígíríì 3 péré ló fi lé ti tẹ́lẹ̀. Fóònù ka 38.

Ọmọ_Ọ̀bokún
Àìkú, 6:41 ìrọ̀lẹ́

51 sí 38! Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Páwà sọ́púláì ńkọ́?

Oníwáyà_Làgèrè
Àìkú, 7:10 alẹ́

Àbúrò, ìyẹn yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé irú iṣẹ́ kan náà ni mo máa ṣe fún un. Nígbà tí mo tú u, mo rí ihò síkúrù méjì lórí hítísíǹkì tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àti wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra, tí wọ́n fi séńlótéèpù dúdú dì. Suwíìṣì ooru ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀! Ẹni tó ní in ṣáájú mi ti yọ ọ́, ó so wáyà pọ̀, fáànù wá ń sáré tọ̀sán-tòru, ì báà jẹ́ 0.1A ni mo ń fà. Mo ra KSD301 tí wọ́n kọ 50°C sí, irú èyí tó ń gé iná fáànù tó bá tutù. Mo fi páòdà funfun díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, mo dì í síbẹ̀. Ní báyìí, tí mo bá ń yẹ príámpù wò, kì í dún rárá. Tí mo bá fa 3A fún ìṣẹ́jú mélòó kan, màá gbọ́ tí suwíìṣì ta "tá", fáànù á bẹ̀rẹ̀. Mi ò dín eré tirẹ̀ kù.

Ìyá_Rédíò_Iléṣà
Àìkú, 8:02 alẹ́

O ṣeun tí o ò fọwọ́ kan eré ti páwà. Níbi tí wáàtì 100 ti ń di ooru lórí hítísíǹkì, àti nínú àwọn ẹ̀rọ tí a fi ń jẹ iná bátìrì dànù láti dán an wò, fáànù tó ń ké ni ẹ̀mí ẹ̀rọ. Ariwo wọn yẹ ní fífaradà, tàbí kí a gbé wọn jìnnà sí etí.

Ẹ̀gbọ́n_Láàbù
Àìkú, 9:15 alẹ́

Oníwáyà, inú mi dùn gan-an ni. Ohun méjì ló kù. Ooru inú síkóòpù ti yí padà díẹ̀, nítorí náà tan án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yọ gbogbo próòbù (wáyà ìwọ̀n rẹ̀), kí o wá mú "self-cal" inú mẹ́nù rẹ̀ ṣiṣẹ́, kó lè tún ìwọ̀n ara rẹ̀ ṣe. Tí ọyẹ́ bá dé, fọ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Má fi afẹ́fẹ́ pọ́ǹpù fẹ́ fáànù tó ń yí láìdì í mú. Á sáré ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́rìn tuntun rẹ á jìyà.

Kàpásítọ̀_63
Ajé, 12:20 ọ̀sán

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo tú tèmi lálẹ́ àná. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ dára, kò sí èyí tó wú. Ṣùgbọ́n mo tan án nígbà mẹ́rin ní òtútù òwúrọ̀ yìí, mo ń wo fáànù. Lẹ́ẹ̀mejì ó yí. Lẹ́ẹ̀kẹta ó gbọ̀n, ó dúró, mo ka ogún kó tó yí. Lẹ́ẹ̀kẹrin kò yí rárá àfi ìgbà tí mo fi bírò tì í. Mo ti yọ 47 ohm. Dáyóòdù ti wà nílé, mo ń lọ wá bẹ́rìn oní-ọta.

Ìyá_Rédíò_Iléṣà
Ajé, 12:55 ọ̀sán

O káre, ọmọ mi. Oníwáyà, príámpù bàbá Parakin ńkọ́?

Oníwáyà_Làgèrè
Ajé, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Ìyá wa, alẹ́ Àbámẹ́ta ni mo tún gbé e sórí tábìlì. Mo pa páwà fáànù òkè àjà, mo ti fèrèsé, mo fi ìyá-etí (hẹ́dífóònù) sí i. Mo gbọ́ "ṣíììì" náà ketekete. Mo fi omi spírìtì tu àwọn tíránsítọ̀ ìpele àkọ́kọ́ lára níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìkejì, ohùn náà rọ̀, ó tún padà dé bó ṣe ń gbóná. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá náà wá gbé e láàárọ̀ yìí. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ìyá-etí náà sétí fúnra wọn, wọ́n ní kí n tún ohùn rẹ̀ sókè, mo gbé e dópin, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì ní, "Ṣé o ti tan án ná?"